Ahọ́n Kìnnìún Orí Afárá

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Kẹrin

Èmi ni Kìnnìún Àgbà. Akọ òkúta. Adùbúlẹ̀-má-sùn létí odò Duna. Èmi tí mo nà gbalaja sórí òpó níbi tí afárá ti bẹ̀rẹ̀ ní apá Buda, tí àwọn ọba kọjá níwájú mi, tí n kò dìde fún ìkankan. Ogun fọ́ afárá lẹ́yìn mi, n ò sá. Ẹyẹlé ń ṣu sí mi lórí, mo dákẹ́, nítorí ọlá.

Èmi ni mo ń kọ ìwé yìí. Kì í ṣe ẹlòmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọbìnrin kan, ní àjà kẹta ilé kan tí kò jìnnà sí afárá, kí ó mọ̀ pé kìnnìún ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Òkúta kì í sì í jẹun. Nítorí náà n kò mọ ohunkóhun nípa pogácsa, búrẹ́dì kékeré oníwàràkàṣì, tí Ìjọba fi pamọ́ fún àlejò. (Ìjọba ni ìyá ọmọbìnrin náà. Òun ló ń ṣòfin, òun ló ń dájọ́, kò sì sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.)

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù Kẹrin

Wàhálà. Nítorí tèmi. Nítorí ahọ́n mi!

Mo wà ní ilé ìdáná nígbà tó ṣẹlẹ̀ (kìnnìún a máa rìn jáde). Bàbá Àgbà jókòó pẹ̀lú Ọ̀gá Èéfín nídìí ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Bàbá Àgbà ni Ödön, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro. Ọ̀gá Èéfín ni Rezső, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gun òrùlé kiri, kí ó máa gbá ihò tí èéfín ààrò ń gbà jáde. Àwọn méjèèjì ti fẹ̀yìn tì. Ìjà nìkan ni wọn kò tíì fẹ̀yìn tì níbẹ̀.

Gbogbo ọmọ ìlú wa ló mọ ìtàn náà. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú àwọn kìnnìún afárá, ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ bàtà pariwo láàárín èrò pé, "Wọn ò mà ní ahọ́n!" Ìtìjú mú agbẹ́kùúta, ó bẹ́ sódò. Ìdajì ìlú ní òótọ́ ni. Ìdajì ní irọ́ ni, ahọ́n wà, ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ ni kò lè rí i. Ènìyàn lè yí ẹgbẹ́ òṣèlú padà nílùú wa, ó lè yí ìyàwó padà. Ti ahọ́n yìí, ohun tí wọ́n bí ọ bá nílé lo máa bá kú.

Bàbá Àgbà ní kò sí. Ọ̀gá Èéfín ní ó wà. Wọ́n ti ń bá a bọ̀ láti ìgbà èwe. Ṣùgbọ́n lónìí Ọ̀gá Èéfín jẹ ayaba Bàbá Àgbà lórí ayò, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́.

"Rezső, bí ahọ́n bá wà lẹ́nu kìnnìún yẹn, èmi Ödön á bọ́ sínú Duna tòun ti fìlà lórí!"

"Bí kò bá sí, èmi ni màá bọ́ síbẹ̀, àgbàyà!"

Wọ́n bọ ọwọ́. Bàbá Àgbà ní, "Ìwọ ọ̀bọ yìí, wá gé e." Àṣà wa ni: ẹni kẹta ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ gé ọwọ́ àwọn tó ta tẹ́tẹ́, kó má baà sí pé mo ní, o ò ní. Bí wọ́n bá ti gé e, ó di òfin.

Mo gé e. Mo tún fi ohùn àlùfáà wa ṣe "Àmín". Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbádùn ara mi.

Ẹ̀yìn náà ni mo rántí ẹ̀dọ̀fóró Bàbá Àgbà. Nígbà òtútù tó kọjá, ọsibítù ló ti ṣe Kérésìmesì. Dókítà ní bí omi tútù bá tún kan àyà yẹn, kí a má pe òun mọ́, àlùfáà ni kí a pè.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n dá. Ọ̀gá Èéfín á gbé àkàbà wá.

Ọjọ́rú, 22 oṣù Kẹrin

Mo ti ọwọ́ bọ Duna. Ó tutù débi pé èékánná ro mí. Èékánná kìnnìún.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù Kẹrin

Ètò ti dé. Ọgbọ́n kìnnìún jinlẹ̀.

Kò sí ohùn tí n kò lè gbé wọ̀. Obìnrin tó ń kéde ibùdókọ̀ nínú tíráàmù — mo ti fi ohùn rẹ̀ sọ pé "òpin ìrìn àjò nìyí", gbogbo èrò sì sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé ìtajà ẹran. Olùkọ́ ìṣirò — nítorí èyí ni wọ́n ṣe lé mi — lé ọmọbìnrin yẹn — kúrò ní ilé ìwé ńlá, tó fi ń kọ́ búrẹ́dì yíyan báyìí.

Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo ìdọ̀tí. Mo kọ́kọ́ pe fóònù Bàbá Àgbà, èyí tó ní wáyà, tí kì í fi orúkọ ẹni tó ń pè hàn. Mo gbé ohùn Ọ̀gá Èéfín wọ̀. Mo húkọ́ rẹ̀ dáadáa, ikọ́ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbáròkó.

"Ödön, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ odò yẹn, jẹ́ ká fi sílẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́."

Ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ohùn póòpù: "Rezső, mo dárí jì ọ́."

Mo pe Ọ̀gá Èéfín ní ohùn Bàbá Àgbà. Ẹ̀bẹ̀ kan náà. Òun ní, "Ó dáa, ọmọ kékeré mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù á bà ọ́."

Ó parí. Ẹ kí Kìnnìún!

Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù Kẹrin

Bàbá Àgbà ń kọrin láàárọ̀. Ó jẹ ẹyin méjì. Ó gbé awò tó fi ń wo eré ẹṣin kọ́rùn, ó ní òun ń lọ sókè olódi lọ wo afárá dáadáa, kí òun lè ṣàpèjúwe fún Rezső bí ẹnu òfìfo ṣe ń rí. Ó wọ ọkọ̀ kékeré tí okùn ń fà gòkè láti iwájú mi.

Ó fi ẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀. Kò kọrin mọ́. Kò jẹ ọbẹ̀. Ìjọba bi í pé kí ló ṣe é, ó ní afẹ́fẹ́ ni.

Awò ẹṣin wà nínú pàǹtí. Mo yọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù Kẹrin

Mo gbé. Mo gbé pátápátá.

Ilé ìwẹ̀ omi gbígbóná ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé ní Àbámẹ́ta. Mo tẹ̀ lé wọn, kí n lè rí àlàáfíà tí mo dá sílẹ̀. Wọ́n jókòó sínú omi títí dé ọrùn bí erinmi méjì. Ọ̀gá Èéfín fi ọwọ́ kan èjìká Bàbá Àgbà jẹ́jẹ́.

"Má fi ṣe ìtìjú, Ödön. Ẹni tó bẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ."

"Ta ló bẹ̀?"

"Ìwọ ńkọ́. Lórí fóònù."

"Èmi? Ìwọ lo bẹ̀ mí bí ọmọ tó fọ́ àwo!"

"Èmi Rezső? N ò bẹ òrùlé pàápàá rí, ìwọ ni màá bẹ̀?"

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n. Obìnrin arúgbó kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní kí wọ́n lọ jà nínú omi tútù. Bàbá Àgbà ní, "Ọ̀la gan-an ni!" Ọ̀gá Èéfín ní, "Ọ̀la!"

Bí n ò bá pe fóònù, bóyá wọn ì bá ti gbàgbé. Báyìí, kò sí ẹni tó lè sẹ́yìn láìjẹ́ pé òun ló bẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ, mo rí Bàbá Àgbà tó sá ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò. Ó wò mí. "Kí ó gbóná díẹ̀," ó ní. Ìgbà yẹn ló yé mi: ó ti rí ahọ́n yẹn láti orí òkè. Ó mọ̀ pé òun ti jẹ gbèsè, ó sì ń lọ san án.

Bí mo bá sọ fún Ìjọba, á tì í mọ́lé, kò sì ní dárí jì mí láéláé. Bí mo bá dákẹ́ — n kò fẹ́ kọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 26 oṣù Kẹrin

Ọ̀rọ̀ òní gùn. Ẹ ní sùúrù.

Ìjọba lọ sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Àgbà wọ kóòtù, ó de ìborùn, ó dé fìlà. Ní ìdí afárá, Ọ̀gá Èéfín ti dé — nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, dúdú látòkè délẹ̀, pẹ̀lú àkàbà àti búrọ́ọ̀ṣì. Ta ló máa dá a dúró? Nílùú wa, ẹni tó bá rí agbáhò-èéfín, bọ́tìnnì aṣọ ara rẹ̀ ló máa dì mú kí oríire má baà kọjá lára òun. Gbogbo èrò iwájú afárá ló di bọ́tìnnì mú. Obìnrin kan tí aṣọ rẹ̀ ò ní bọ́tìnnì sáré di ti ọkùnrin tí kò mọ̀ rí mú.

Ó gbé àkàbà ti òpó mi — òpó kìnnìún. Ó gòkè. Ó ki orí bọ ẹnu kìnnìún títí dé etí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹyẹlé kan jáde, inú bí i.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Kò wo kìnnìún. Ìborùn tó wà lọ́rùn Bàbá Àgbà ló ń wò.

"Kò sí," ó ní. "Kò sí ahọ́n kankan. O borí, Ödön. Jẹ́ kí n bọ́ bàtà."

"Irọ́ ni!" Bàbá Àgbà pariwo. "Ahọ́n wà níbẹ̀! Mo fi awò rí i lọ́jọ́ Ẹtì. Ó tóbi tó pátákó búrẹ́dì!"

"Mo ki orí bọ ẹnu rẹ̀, ìwọ lo fẹ́ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi?"

"Láti kékeré lo ti ń sọ pé ahọ́n wà!"

"Mo ti yí padà."

"O ò lè yí padà síbẹ̀! Ibẹ̀ ni mo wà tẹ́lẹ̀!"

Ọlọ́pàá kan dé, ọmọdékùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ọwọ́ kan wà lórí bọ́tìnnì rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé àkàbà kúrò. Bàbá Àgbà ní kí ó gòkè, kí ó wá jẹ́rìí. Ọlọ́pàá wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Bàbá," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ìyá mi àgbà ní kò sí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n gòkè."

Bàbá Àgbà ti bọ́ kóòtù. Ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ó kọjú sí àtẹ̀gùn tó lọ sínú omi. Ọ̀gá Èéfín fa bàtà kan yọ, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tọ tẹ̀ lé e. "Èmi ni mo jẹ gbèsè!" "Èmi ni!" Arúgbó méjì ń sáré kí ẹnì kejì má baà ṣáájú òun kú.

Bàbá Àgbà ku àtẹ̀gùn díẹ̀ kó kan omi. Mo la ẹnu, ohùn Ìjọba ló jáde:

"Bàbá! Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn!"

Wọ́n dúró gbagidi. Ọlọ́pàá náà dúró, kò sì mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ń wá Ìjọba. Kò sí Ìjọba. Èmi nìkan ni mo dúró lórí àtẹ̀gùn, ẹnu mi ṣì ṣí sílẹ̀.

Ọ̀gá Èéfín ló kọ́kọ́ yí ojú padà. "Ödön. Nígbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù, ṣé mo húkọ́?"

"Bí ẹṣin tó ń kú lọ."

"Mo ti jáwọ́ nínú sìgá láti ìgbà tí o ti wà ní ọsibítù. Mo bá Ọlọ́run dá a pé bí o bá jáde, n ò ní fa á mọ́. N ò tíì húkọ́ láti ìgbà náà."

Bàbá Àgbà ń wo ẹsẹ̀ Ọ̀gá Èéfín tí kò ní bàtà. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì wá wò mí.

"Ta ló gé ọwọ́ wa lọ́jọ́ yẹn?" Bàbá Àgbà bèèrè.

"Ọ̀bọ yìí ni."

"Ẹni tó gé e ló jogún rẹ̀."

"Òfin ni," ni Ọ̀gá Èéfín wí. N kò tíì gbọ́ òfin bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é ni.

Bàbá Àgbà bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi dé mi lórí. Mo sọ̀ kalẹ̀ títí omi fi dé orúnkún. Ewé odò ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo kígbe — ní ohùn ara mi. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọlọ́pàá ló ń di Bàbá Àgbà mú.

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù Kẹrin

Imú mi ń ṣàn. Ìjọba ti gbọ́. Mo ń fọ agbada búrẹ́dì títí ayé.

Fóònù mi dún ní ìrọ̀lẹ́. Ohùn ọlọ́pàá àná: "Ṣé Borbála Kerekes nìyí? Kìnnìún afárá wá fẹjọ́ sùn. Ó ní ẹnì kan ń fi orúkọ òun kọ ìwé."

Mo dìde dúró. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ohùn rẹ̀: ọmọ ayò ṣẹ́ẹ̀sì tó já bọ́ lórí pátákó, àti Ọ̀gá Èéfín tó ń rẹ́rìn-ín débi tí kò lè mí. Ọlọ́pàá náà sì wá yí padà di obìnrin inú tíráàmù, kò kù síbì kan: "Òpin ìrìn àjò nìyí. Kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀."

Bàbá Àgbà! Ó ti wo abẹ́ ìrọ̀rí mi! Gbogbo ìgbà yìí, mo rò pé èmi ni mo dá ọgbọ́n gbígbé ohùn wọ̀ yìí sílẹ̀.

Ó dáa. Mo sọ̀ kalẹ̀. Kìnnìún kọ́ ló kọ ìwé yìí. Kìnnìún ní ahọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń fi í pamọ́ sẹ́yìn eyín. Èmi tí n kò mọ̀ ọ́n ni mo kọ ọ́: Borbála tí wọ́n ń pè ní Borka, àjà kẹta, ọmọ ọmọ Ödön awatíráàmù.

Èmi náà ni mo jẹ pogácsa.