Irinṣẹ́ Tí Bùnmi Gbé Wá

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú,

Ìyàwó ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ kún un. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yìn ọmọ náà ló wà.

Ní Benin ni mo wà báyìí, ní ilé ọmọ mi ní Ekenwan Road. Ìgbà tí orúnkún mi kọ iṣẹ́ oko ni wọ́n wá gbé mi. Kò sí oko níbí, àfi ilá díẹ̀ tí mo gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ewúrẹ́ àwọn ará ẹ̀yìnkùlé sì ti jẹ ẹ́ tán.

Bùnmi, ọmọ ọmọ mi, ti parí ìwé mẹ́wàá. Bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì fẹ́ kó lọ kọ́ iṣẹ́ akáńtì ní yunifásítì. Iṣẹ́ yẹn yé mi: owó wọlé, owó jáde, ẹnì kan jókòó tì í, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bùnmi ní òun kò ṣe. Ìṣirò pọ́nńbélé lòun fẹ́ kọ́, kóun tún kọ́ kọ̀mpútà mọ́ ọn, kóun lè bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́. Àwọn yẹn máa ń fi owó náà ra ìpín nínú òwò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó ṣírò rẹ̀ ṣáájú: bí ọjà bá wálẹ̀, èló ni yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn? Mo bi í pé ta ló mọ ọ̀la. Ó ní òun kò sọ pé òun mọ̀ ọ́n, òun kàn fẹ́ mọ bí àìmọ̀ náà ṣe tóbi tó ni.

Bàbá, ṣé ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn àbí ẹnu dídùn?

Mo fura. N kò ní parọ́ fún yín. Ní New Benin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń gẹ irun mi, ilé tẹ́tẹ́ kan wà. Àwọn géńdé ọkùnrin a jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n a máa wo nọ́ńbà tó ń gòkè tó ń sọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Fóònù Bùnmi náà, nọ́ńbà tó ń gòkè tó ń sọ̀ ló kún inú rẹ̀. Mo bi í pé kí ni ìyàtọ̀. "Grandpa, no be bet o! Haba!" Bó ṣe ń dá mi lóhùn nìyẹn. Ó ń gbọ́ Yorùbá mi délẹ̀, ṣùgbọ́n Píjìn ló fi ń fèsì, ìyẹn náà sì ń fu mí lára. Ẹni tí kò fi nǹkan kan pamọ́, kí ló dé tí kò fi èdè bàbá rẹ̀ dáhùn?

Ọmọ mi ní bí mo bá ti lè gbàdúrà fún un, òun kò ní jiyàn mọ́, kó lọ kọ ìṣirò sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Bí n kò bá gbàdúrà, akáńtì ni. Gbogbo wọn wá dojú kọ mí. Ayé ọmọ yìí wá wà lẹ́nu àgbàlagbà tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀.

Ni mo bá rántí yín. Ẹ kì í gbàdúrà fún ẹni tó ń lọ kọ́ṣẹ́ àfi tó bá gbé irinṣẹ́ iṣẹ́ náà wá. Káfíńtà gbé òòlù wá. Ẹni tó ń lọ kọ́ mọ́tò wíwà mú kọ́kọ́rọ́ lọ́rì ọ̀gá rẹ̀ wá. Ọmọ àbúrò yín tó fẹ́ ṣe wolé-wolé wá lọ́wọ́ òfo, ẹ lé e padà, ó lọ mú igbá tí yóò máa fi bu omi wò bóyá tanwíjí wà nínú ìkòkò àwọn onílé. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín, ẹ sì gbàdúrà sí igbá náà.

Èmi, ọkọ́ ni mo gbé wá. Bàbá, ká ní síléètì ni mo gbé wá lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ṣé ẹ̀ bá gbàdúrà sí i? N kò bi yín rí nígbà tí ẹ wà láyé.

Mo ní kí Bùnmi gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wá. Kọ̀mpútà alágbèéká kan tí bátìrì rẹ̀ kò dáa ló gbé wá, tó fi wáyà so mọ́ ògiri. Mo ní rárá, irú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin tó ń fi jìbìtì ra mọ́tò. Ìyá rẹ̀ tó ń kọ̀wé yìí ní, "Bàbá, ẹ ṣàánú ọmọ." Mo ní àánú rẹ̀ tó ń ṣe mí ni mo ṣe ń bèèrè. Ibi tí a ti ń fà á ni iná lọ, kọ̀mpútà náà sì kú.

"Ṣé ẹ rí i?" Mo pàtẹ́wọ́. "Ọkọ́ kì í kú bí iná bá lọ."

Bùnmi bínú jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú.

Ó pẹ́ kí n tó lọ bá a. Mo rò pé yóò máa sunkún. Kò sunkún. Pẹ́ńsù kúkúrú kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣe ìṣirò sórí ìwé. Mo jókòó sórí àga mi, mo ń ṣọ́ ọ. Ó kọ ojú ìwé kan kún, ó ṣí òmíràn, ó kọ ìyẹn náà kún. Kò gbójú sókè. Nígbà tó parí, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó fa ìlà gbọọrọ lé gbogbo rẹ̀, ó sì ṣí ojú ìwé tuntun.

Mo ní kí ló dé. "I miss am for up, Grandpa. If I leave am like that, na person pension go spoil." Mo ní, ta ni ìbá mọ̀? Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. "Me na. I go know."

Bàbá, ẹ rántí ebè iṣu ọ̀nà odò? A ti kọ ọ́ tán, ilẹ̀ ń ṣú lọ, ni ẹ ní ó wọ́, ẹ sì fi ọkọ́ tú gbogbo rẹ̀ ká. Mo bínú sí yín pé ta ló ń gba ibẹ̀ kọjá tí yóò rí i. Ẹ kàn padà sí poro àkọ́kọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀.

N kò sọ ọ́ fún Bùnmi. Kò gbọ́dọ̀ rò pé ó ti borí mi. Mo ní kó mú pẹ́ńsù náà wá.

Ó fúyẹ́, Bàbá. Kò wúwo rárá lọ́wọ́. Bó ti kúrú tó yẹn, Bùnmi ti fi eyín jẹ ìdí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Mo gba àdúrà tí ẹ gbà sí ọkọ́ mi, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀: kí irinṣẹ́ yìí má ṣe ẹni tó dì í mú léṣe, kó má sì ṣe ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ léṣe. Ó ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni mo fi tèmi kún un. Mo la ojú mi sílẹ̀, mo ń wo ojú tirẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́: bó bá jẹ́ tẹ́tẹ́ ló fẹ́ fi ta, kí pẹ́ńsù yìí dá sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kó dá, Bàbá àgbà," ló wí. "Àmín." Yorùbá ni, kedere, ohùn rẹ̀ sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìyá rẹ̀ ní òun rò pé mo ti gbà báyìí. N kò tíì gbà. Bùnmi ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí New Benin láàárọ̀ yìí láti fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́, ó fi pẹ́ńsù náà há irun. Mo ti ní kí wọ́n gbé àga mi sẹ́nu géètì. Bó bá dé, pẹ́ńsù yẹn ni n ó kọ́kọ́ wò kí n tó wo ojú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi tí ẹ ti ń rí ohun tí èmi kò lè rí, ẹ bá mi ṣọ́ ọ.

Èmi ni,
ọmọ yín olóríkunkun, tí ọkọ́ yín ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.