Ìmọ̀ràn Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Ilé Búrẹ́dì Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, ọmọ tí mo fi owó ìyẹ̀fun rán níléèwé,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀gá yín tó máa ń pariwo yẹn ńkọ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ ò ní ṣì rìn, ẹni tó fẹ́ fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà ò ní rí ọ. Àwa náà wà o, a ń dúpẹ́, àfi inú tó ń bí mi, inú ọ̀hún sì pọ̀ díẹ̀, torí ìwọ lo fà á.

Nígbà tí mo sọ fún ẹ pé oníbàárà ti ń dín kù, pé alásè iléèwé tó ń kó búrẹ́dì jù lọ́wọ́ mi pàápàá ti yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì, o ní kí n má mikàn, pé àwọn oníṣòwò ìsinsìnyí kì í dá a gbọ́n, wọ́n ń wá ìmọ̀ràn kiri ni, lo bá fi fóònù pẹlẹbẹ ránṣẹ́. O ṣeun. Mo ṣí ọkùnrin tó ń kọ́ni níṣòwò tí o fi síbẹ̀. Ó kí mi, mo dáhùn, mo béèrè ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀, kò dá mi lóhùn, ó kàn ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun, mo bi í pé níbo ló ń lọ, kò sọ. Ó ní kí n tẹ agogo. Mo yẹ fóònù wò níwájú lẹ́yìn, mi ò rí agogo kankan, ni mo bá lọ síbi kẹ̀kẹ́ bàbá yín, mo tẹ tiẹ̀ títí àwọn ará ilé kejì fi yọjú. Oníbàárà kankan ò tìtorí ẹ̀ padà wá.

O tún ní kí n wọ ẹgbẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì inú fóònù, pé ibẹ̀ ni ẹlẹgbẹ́ ẹni ti ń gbani nímọ̀ràn. Ẹ̀ẹ́! Bílẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á máa kí ara wọn, ẹnì kan á gbé òdòdó sílẹ̀ tòun tàdúrà, ṣé mo wá lè máa wo àdúrà níran kí n má ṣàmín? Ibi tí mo ti ń ṣàmín lọ́kọ̀ọ̀kan ni búrẹ́dì odidi ààrò kan ti jóná. Nígbà tí mo ráyè béèrè ohun tó ń lé oníbàárà, ọ̀kan ní kí n fi ṣúgà kún un, òmíràn ní ṣúgà náà ló pọ̀ jù, ẹlòmíì ní àwọn ọ̀tá ni, ẹni tó kàn ń ta ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun. Mo fi ṣúgà kún un, mo tún dín in kù, èmi gan-an ò mọ irú búrẹ́dì tí mò ń ṣe mọ́.

Wọ́n wá kéde pé olùdámọ̀ràn kan ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn ìpàdé. Mo wọ bàtà tó ń fún mi lẹ́sẹ̀, mo lọ. Ọmọ kékeré ni, táì rẹ̀ gùn kọjá ìdodo. Ó bi mí pé níbo ni mo rí ara mi sí ní ọdún márùn-ún sí i. Mo ní nídìí ààrò mi ni, àbí ó fẹ́ kí n kú ni? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ó dáa, àwọn tó fi mí sílẹ̀, ṣé mo ti béèrè lọ́wọ́ wọn rí ìdí tí wọ́n fi lọ? Inú bí mi. Èmi, kí n máa sáré tẹ̀ lé ẹni tó kọ̀ mí? Mo dìde, mo bọ́ bàtà, mo gba ilé lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

Ni mo bá lọ bá alásè iléèwé níbi ìdáná rẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan. Mo jókòó, mo mú ọ̀bẹ, mo ń bá a bó àlùbọ́sà, omi ń bọ́ lójú àwa méjèèjì, ìgbà yẹn ló tó ní, Ìyá Búrẹ́dì, ẹ má bínú, búrẹ́dì yín ò ní àléébù, ẹni tó ń gbé e wá ni. Ó ní bí bàbá yín bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ báyìí, ìmọ̀ràn ti dé nìyẹn: bó ṣe yẹ kí òun ro ọbẹ̀, bó ṣe yẹ kí òun dé ìkòkò, ibi tó yẹ kí fèrèsé wà. Ó ní lọ́jọ́ tí bàbá yín ń kọ́ ọ̀gá iléèwé bí wọ́n ṣe ń bá ọmọdé wí, àwọn ọmọ ti wọ kíláàsì tebi tebi kí wọ́n tó rántí já búrẹ́dì sílẹ̀. Ó ní ìdí tí òun fi lọ nìyẹn, àwọn tó kù náà sì ti ń múra àtilọ, torí látìgbà tí fóònù kan ti dé ilé wa, tí bàbá yín ń gbọ́ ọkùnrin kan tó ń kọ́ni níṣòwò, ó ti kúrò ní ìmọ̀ràn, ó ti di ìwàásù.

Ọmọ mi, ṣé o rí ohun tí o fi ránṣẹ́ sí mi?

Bí mo ṣe máa sọ fún bàbá yín bà mí lẹ́rù, torí wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ yẹn kiri fún mi látìgbà tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nínú òjò, nínú oòrùn, wọn ò gba kọ́bọ̀. Mo sọ ọ́ láàárọ̀, ọwọ́ mi wà nínú ìyẹ̀fun, mi ò wojú wọn. Wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n kàn ní, àṣé ìmọ̀ràn mi kò dùn mọ́ àwọn èèyàn. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, wọ́n wọlé, oúnjẹ ọ̀sán tutù síwájú wọn.

Èmi ni mo ń ru búrẹ́dì báyìí. Mo já a sílẹ̀, mo kí wọn, mo pẹ̀yìn dà. Alásè ti padà, ó sì mú oníbàárà mìíràn dání. Àmọ́ ilé wá dákẹ́ jù, mi ò lè fara dà á, ni mo bá ní kí bàbá yín wá máa bá mi wo iná ààrò. Yéè, mo fọwọ́ ara mi fà á! Wọ́n ń gba iná nímọ̀ràn, wọ́n ń gba ìyẹ̀fun nímọ̀ràn, wọ́n ní ọwọ́ mi ti le jù. Ìyẹ̀fun ò lè dìde lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, èmi náà ò sì ríbi lọ.

Ọrùn ń dùn mí, jọ̀ọ́, fi owó ọmọlanke ránṣẹ́, àti ti ìyẹ̀fun díẹ̀ sí i. Má fi gba ti ẹ̀rọ inú ògiri báńkì, nọ́ńbà àṣírí mi ló kọ́kọ́ ń béèrè, a ò sì tíì mọra débẹ̀. Fún awakọ̀ tó ń bọ̀ níbí.

Ọlọ́run á fi ẹni tó máa sọ òótọ́ fún ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ. Ohun tí o bá dáwọ́ lé á wú, á pọ́n, kò ní jóná.

Bàbá yín ní àwọn ní ọ̀rọ̀ láti bá ọ sọ nípa bí o ṣe ń náwó àti irú ẹni tó yẹ kí o fẹ́, wọ́n á pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Gbé e o. Má sọ pé o wà níbi iṣẹ́. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tẹ́rùn, kí èmi lè ráyè kó búrẹ́dì kúrò nínú ààrò ní àlàáfíà.

Èmi ni ìyá rẹ, tí inú ṣì ń bí.