Òkúta Yẹn Wúwo Lóòótọ́

Bàbá mi,

Ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni ẹ kú, kí wọ́n tó kọ́ yunifásítì sí Àgọ́-Ìwòyè. Ikọ́ ló pa yín. Ìyàwó mi, Ìyá Sìkírá, náà ti kú. Ó pé ọdún mẹ́ta nígbà Iléyá tó kọjá. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mi ò fẹ́ràn àwọn tó máa ń sọ pé èèyàn sùn. Ẹ kò sùn. Ẹ kú, a sì sin yín.

Mi ò mọ̀wé. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ni ẹ kò rán mi lọ. Sìkírátù, àkọ́bí mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Èdè Ìjẹ̀bú wa ni mo ń sọ sí i létí; òun ló ń sọ ọ́ di ti ìwé, torí olùkọ́ ni. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ kan tó dùn jù níbẹ̀, tirẹ̀ ni.

Ìròyìn tí mo ní dára, mi ò sì lè gbé e mì. Ọ̀rọ̀ òkúta yẹn ni. Bàbá, òkúta yẹn wúwo lóòótọ́.

Bóyá ẹ ti gbàgbé. Èmi kò gbàgbé. Ọdún tí ẹ ń mọ ẹkù tuntun sí oko wa lẹ́yìn abúlé Màmu ni, kòtò tí a ti ń tẹ epo pupa títí ẹ fi darúgbó. Ẹ ní kí èmi àti Làmídì, ọmọ aládùúgbò wa ní Jàpárà, lọ sí odò òkè lọ ru òkúta tí ẹ máa fi tò ó nínú. Làmídì gbọ́n. Òkúta fúyẹ́ aláwọ̀ eérú tó wà lójú ọ̀nà ló ń ṣà, kò tilẹ̀ dé odò. Èmi dé ibẹ̀. Mo rí òkúta funfun kan tó ń dán bí ẹni pé wọ́n bu idẹ lù ú, mo ní èyí ni Bàbá mi máa fẹ́. Kò tóbi ju orí àgbò lọ. Nígbà tí mo gbé e ka orí, ọrùn mi fẹ́ wọ inú èjìká lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jábọ́ kí n tó dé. Làmídì ti ru méje. Èmi ru ẹyọ kan, oòrùn sì ti ń wọ̀.

Ẹ̀yin àti àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ dúró níbẹ̀. Ẹ wo òkúta, ẹ wò mí. Ẹ kò bẹ̀rẹ̀ kí ẹ gbé e wò. Ẹsẹ̀ ni ẹ fi yí i sí ìsàlẹ̀ kòtò. Ẹ wá ní, “Òkúta kan láti àárọ̀. Ọ̀lẹ ni mo bí.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ kì í bá bàbá rẹ̀ jiyàn.

Láti ọjọ́ náà ni Làmídì ti ń pè mí ní Òkúta-Kan. Ó pè mí bẹ́ẹ̀ níbi ìgbéyàwó mi. Ó pè mí bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ọmọ-ọmọ mi. Mo ti kọ oko mẹ́rin, mo ti gbin obì tí a kò lè kà, ó ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá Sìkírá nìkan ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan, níbi tó ti ń bó obì, pé ó lè jẹ́ pé òkúta yẹn wúwo ni. Kò gbé orí sókè nígbà tó ń sọ ọ́. Mi ò gbàgbé ìyẹn náà.

Ní ọdún yìí, àwọn kan wá pa àgọ́ sínú igbó lẹ́yìn Màmu. Wúrà ni wọ́n ń wá, pẹ̀lú òjé, àti irin pupa tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná. Ọ̀gá wọn ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bùsáyọ̀. Àgọ́-Ìwòyè níbí ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ òkúta. Wọ́n máa ń bu iyanrìn odò sínú ọpọ́n fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa fi omi yí i títí iyanrìn á fi ṣàn lọ, tí ohun tó wúwo á kù sí ìsàlẹ̀. Wọ́n ń fi òòlù fọ́ òkúta, wọ́n ń dì í sínú àpò aṣọ kéékèèké, wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí i lára. Wọ́n ti rí eruku wúrà nínú odò ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ibi tó ti ń ṣàn wá. Ilé-iṣẹ́ tó rán wọn sì ti ní bí wọn kò bá rí ibẹ̀ títí di ọjọ́ Jímọ́, kí wọ́n ká àgọ́ wọn.

Èmi kò bìkítà. Láti ìgbà tí Ìyá Sìkírá ti kú, orí bẹ́ǹṣì iwájú ilé ni mo wà. Ẹni tó bá kí mi, mo dáhùn. Ẹni tí kò kí mi, ó ṣe mí lóore. Sìkírátù ló wá bá mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

“Bàbá, àwọn oníwúrà ti ń sún mọ́ ẹkù Bàbá Àgbà.”

“Ẹkù tó ti wó?”

“Wọ́n á gbẹ́ ẹ bí ẹnì kan kò bá fi ibi tó wà hàn wọ́n.”

“Kí wọ́n gbẹ́ ẹ.”

“Ó dáa. Màá ní kí Bàbá Làmídì lọ fi hàn wọ́n.”

Mo dìde. Ẹ rí i pé ọmọ yẹn gbọ́n jù mí lọ.

A lọ ní ọjọ́ kejì, Làmídì sì tẹ̀ lé wa, torí ohun tí kò bá kàn án ló máa ń fẹ́ rí. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Bí a ṣe wọ inú igbó ló bẹ̀rẹ̀.

“Òkúta-Kan, ṣé ẹsẹ̀ rẹ á gbé ọ dé ibẹ̀?”

“Bí kò bá gbé mi dé, ìwọ tó ru méje á rù mí.”

Ewé ti bo ẹkù yín. Ọ̀pẹ kan ti hù láàárín rẹ̀, ó ti ga. Bùsáyọ̀ ń yí i ká, ó ń fi òòlù kan òkúta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá dé ẹnu ẹkù, níbi tí ẹ máa ń tẹ ẹsẹ̀ lé kí ẹ tó wọlé. Ó lu òkúta funfun ibẹ̀, ó là sí méjì. Inú òkúta náà ń dán, apá kan dúdú bí òjé, apá kan ní ìlà pupa rúsúrúsú. Ó na ọwọ́ kan láti gbé ìdajì rẹ̀, ọwọ́ náà rọ̀ sílẹ̀. Ó wá fi kejì kún un.

Ó ní, “Bàbá, òkúta yìí wúwo ju bó ṣe tóbi lọ.”

Bàbá mi, mo wá ibi jókòó. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó lọ sọ ọ́ sí etí bàbá tó mú ọ̀pá yẹn.

Kí n tó dìde, àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń so aṣọ pupa mọ́ igi, wọ́n ti ń wọn ibi tí wọ́n máa gbẹ́ kòtò gígùn sí, àárín ẹkù gangan. Inú wọn ń dùn. Wọ́n ní àwọn ti rí i, ibí ni òkúta náà ti jáde nínú ilẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta ni mi ò ti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì mọ bí yóò ṣe jáde. Ó ń há mi lọ́fun bí eegun ẹja.

“Kí ló dé, Bàbá?”

“Ọmọ mi, òkúta yẹn kò hù síbí. Orí mi ló gùn wá.”

Làmídì ní, “Òótọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń rù ú bọ̀.”

Bùsáyọ̀ bi mí bóyá mo lè rántí ibi tí mo ti gbé e. Ọ̀nà odò òkè ti di igbó kìjikìji láti ìgbà tí ẹ ti kú. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́ fún yín. Bí mi ò bá rí ibẹ̀, wọ́n á ká àgọ́ wọn lọ ní ọjọ́ Jímọ́, èmi á sì kú ní Òkúta-Kan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí èèyàn ti ṣubú kì í parẹ́ nínú rẹ̀. Ibi mẹ́ta tí òkúta ti jábọ́ lórí mi ni mo ń wá, láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú.

Mo ní kí Làmídì ru ìdajì òkúta náà.

“Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?”

“Ìdajì ni. Ìwọ ru odidi méje.”

Ó gbé e lé èjìká. A rí ibi kẹta, ìdí igi obì tí ẹ gbìn kí ẹ lè máa rí ibi sinmi. Ó ṣì ń so, Bàbá. Mo mú ẹyọ kan, mo tì í bọ etí fìlà bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Làmídì ti pa èjìká dà. A dé ibi kejì, òkúta pẹrẹsẹ tí ẹ máa ń sá ẹ̀gẹ́ sí. Làmídì dúró.

“Gbà á.”

“Ṣé ó wúwo ni?”

“Mo ní kí o gbà á.”

“Ṣé ó wúwo ni, Làmídì?”

Ó jókòó, ó fi fìlà nu ojú. Ó ní, “Ó wúwo. Ọlọ́run mọ̀ pé ó wúwo.”

Orúkọ tí ẹ sọ mí ló ń pè mí láti ìgbà náà. Ó ń dùn létí mi bí orúkọ ẹlòmíràn.

Ibi àkọ́kọ́ ni igun tí odò ti yí, níbi tí òkúta ti bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀. Èékánná ọmọ-ìka yẹn kò hù dáadáa mọ́; mo bọ́ bàtà, mo fi han Bùsáyọ̀ kó lè gbà mí gbọ́. Lókè ibẹ̀ díẹ̀, òkúta funfun náà dá odò kọjá láti etí dé etí, bí ìpìlẹ̀ ilé tó wó. Ó bu iyanrìn ìdí rẹ̀ sínú ọpọ́n, ó yí i, ó yí i. Ohun tó kù létí ọpọ́n pọ́n, wúrà ni. Kò tó èyí tí wọ́n lè fi rọ òrùka fún èèrà, àmọ́ ọmọbìnrin náà ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pa pọ̀. Ọjọ́ Jímọ́ kọjá, àgọ́ wọn ṣì wà níbẹ̀.

Ó ní kí n má tíì jó. Wọ́n ti kó òkúta lọ fún àyẹ̀wò. Ó ní òjé ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ má tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀. Mo ní ìyẹn kò kàn mí. Ohun tí èmi ń wá, mo ti rí i.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Ojú mi ló rí i nígbà tí ẹ fi ẹsẹ̀ yí òkúta yẹn sí ìsàlẹ̀ kòtò. Báwo ló ṣe dé ẹnu ẹkù, tí ojú rẹ̀ tó ń dán kọ síta? Àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi àti ẹ̀yin nìkan la sùn sí oko. Òkúta kì í gun òkè fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ kò sì lè gbé e. Ṣé ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ gbé e? Ṣé ẹ mọ̀ láti ìgbà yẹn?

Mo ti wá rántí àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ sun iṣu. Ibi tó gbẹ, tó pọ́n lára iṣu sísun, ẹ kì í fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi pàápàá kò tọ́ ọ wò rí. Ẹ ha á, ẹ tì í sí iwájú mi, ẹ kò wojú mi. Mo rò pé ebi kò pa yín ni. Èmi òmùgọ̀, mo jẹ ẹ́ tán, mi ò dúpẹ́. Ẹ ṣé, Bàbá. Ó dùn.

Èmi náà ti fi ẹsẹ̀ yí ẹrù ọmọ mi rí. Nígbà tí Sìkírátù ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mo ní ọ̀lẹ tó ń sá fún oko ni. Mi ò bi í léèrè ohunkóhun. Ó ti dáwọ́ lẹ́tà yìí dúró níbí. Mo ní kó kọ ọ́.

Ẹ bá mi kí Ìyá Sìkírá bó bá wà nítòsí yín. Ẹ sọ fún un pé òun ló mọ̀ ọ́n: òkúta yẹn wúwo.

Àwọn oníwúrà ní kí ẹbí sọ bóyá àwọn lè gbẹ́ odò òkè. Àwọn àbúrò mi gbé ìwé wá kí n tẹ àtàǹpàkò sí i. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Sìkírátù ni mo fa ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́ lójú yín lónìí, torí òun ni àkọ́bí. Ẹni tó bá ní obìnrin ni, kó wá sọ ọ́ fún mi lórí bẹ́ǹṣì mi. Bó bá gbà, mo gbà. Bó bá kọ̀, mo kọ̀. Ohun kan péré ni mo ní kó ṣe: kó tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó gòkè lọ sí odò fúnra rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkúta kan wò.

Èmi ni, ọmọ yín tó jẹ ibi tó pọ́n lára iṣu, tó sì fẹ́ràn yín.