Sẹ́ẹ̀lì Tó Kọ́kọ́ Kún

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kejì 2025

Ọ̀gá Gbénró ti là á mọ́lẹ̀ lónìí. Ṣọ́ọ̀bù kejì ń bọ̀ ní Mende kí oṣù yìí tó parí, ọ̀kan nínú àwa méjì ni yóò sì lọ ṣe olórí níbẹ̀. Àwa méjì — èmi Nusirat, tí mo ti ń tún bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná ṣe ní Ìkòsì níbí láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù yìí kò ju tábìlì kan àti bẹ́ńṣì kan lọ. Àti Godwin, tó dé lẹ́yìn Iléyá tó kọjá.

Jẹ́lẹ́ńkẹ́ ni mo sọ ọ́ nínú ìwé yìí. Ọmọ Edo ni, Kétu ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹ̀ já gaara ju tàwọn ọmọ ìyá mi lọ. Ó ń kí ènìyàn ṣáá. Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ kú ojúmọ́ sà. Aunty Nusi, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti gbàgbé pé mo ní orúkọ. Godwin dà? Godwin ńkọ́? Bí mo bá ní kò sí nílé, wọ́n á ní àwọn á dúró dè é. Kí wọ́n dúró. Kí òjò pa wọ́n.

Mo fẹ́ Mende. Mi ò fẹ́ nǹkan kan báyìí rí. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, kí orúkọ mi wà lára ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní "ọmọbìnrin yẹn" mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kejì

Ohun kan ṣoṣo ni Jẹ́lẹ́ńkẹ́ kò tíì mọ̀: kíka nọ́ńbà sẹ́ẹ̀lì.

Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún ló wà nínú bátìrì kẹ̀kẹ́ kan, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí àwọn tó ń fa okùn kan náà. Bí ọ̀kan bá dákú, gbogbo wọn dúró nìyẹn. Fóònù ló ń fi nọ́ńbà iná inú wọn hàn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà kì í parọ́, àmọ́ kì í ṣàlàyé ara ẹ̀.

Ibi tó ti ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà nìyí: lórí ṣájà, aláìsàn ló máa ń sáré jù. Ife kékeré ló ń tètè kún. Yóò gun òkè ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀, òpè á máa pàtẹ́wọ́ fún un. Gbé ẹrù lé e kó o wá rí i — òun náà ni yóò kọ́kọ́ ṣubú. Nítorí náà, lórí ṣájà, èyí tó ga jù ni kó o fura sí. Lábẹ́ ẹrù, èyí tó wálẹ̀ jù. Ọ̀gá fúnra wọn kò mọ èyí délẹ̀. Kẹ̀kẹ́ títà ni wọ́n mọ̀.

Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ó tọ́ kó máa jẹ́ tèmi lọ.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kejì

Ọ̀gá ní kí n kọ́ ọ. Wọ́n ní, "Nusi, fi kíkà yẹn han Godwin. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo ṣe ojúsàájú." Wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ mú nìyẹn. Ojú mi ṣókùnkùn. Mo ní, ó dáa, sà.

Mo kọ́ ọ. Mo ní, "Èyí tó bá wálẹ̀ jù nínú wọn, òun ló ń ṣàìsàn. Yọ ọ́."

Ó ronú díẹ̀ — ó ń ronú, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú — ó wá bi mí pé, "Ṣé bó bá wà lórí ṣájà ni, Aunty?"

Mo ní, "Ibo lo tún fẹ́ gbé e sí?"

Ó rẹ́rìn-ín ara ẹ̀. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní ẹ ṣé gan-an mà, Ọlọ́run á fi kún ìmọ̀ yín.

Mi ò parọ́. Ìbéèrè ni mo fi dáhùn ìbéèrè. Ta ló máa gbé ìyẹn lọ sí kóòtù?

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù Kejì

Ó ti yọ ọ̀kan. Èyí tó lágbára jù nínú gbogbo wọn ló yọ. Mo ní, "O káre."

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kejì

Bátìrì Ọlánípẹ̀kun wọlé. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, tòmátì ló ń fi kẹ̀kẹ́ ẹ̀ kó láti Mile 12 lọ sí Anthony, ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ní kẹ̀kẹ́ òun ń kú lójijì bó bá ti rí òkè. Ó fò mí kọjá, ó gbé e fún Jẹ́lẹ́ńkẹ́. "Godwin mi, bá mi ṣe é."

Godwin ẹ̀ gbé e sórí ṣájà. Mo wo fóònù lẹ́yìn èjìká ẹ̀. Àwọn tó kù ṣì wà ní 3.42, sẹ́ẹ̀lì kẹrìnlá ti fò dé 3.65. Aláìsàn pátápátá. Jẹ́lẹ́ńkẹ́ tọ́ka sí i: "Ẹ wo eléyìí, Aunty! Ó strong gan-an." Sẹ́ẹ̀lì kẹsàn-án ló wà lẹ́yìn pátá, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ó kàn ń rọra mu iná tiẹ̀ ni. Kẹsàn-án ló yọ. Ó fi tuntun sí i, ó fún gbogbo nọ́ọ̀tù tó so wọ́n pọ̀ le, ó nù ún títí ó fi ń dán.

Mo lọ sẹ́yìnkùlé lọ rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn. Lójú tèmi, kẹ̀kẹ́ yóò kú lọ́nà, Ọlánípẹ̀kun yóò tì í padà wá nínú oòrùn, yóò sì bú Godwin ẹ̀ títí itọ́ ẹnu ẹ̀ yóò fi gbẹ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kejì

Orí afárá Kétu ni kẹ̀kẹ́ náà kú sí, pẹ̀lú tòmátì kíkún. Típà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ gbá a.

Kò kú. Ọlánípẹ̀kun kò kú. Ẹsẹ̀ ni, ọ̀nà méjì ló ti ṣẹ́. Mo tún un kọ kí n lè rí i: kò kú.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kejì

Wọ́n gbé bátìrì náà padà wá láàárọ̀, tòmátì ṣì gbẹ mọ́ ọn lára. Èmi nìkan ni mo ti dé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mo mú sípánà, mo tú nọ́ọ̀tù kan tí Godwin fún díẹ̀, kò tó yípo kan; nọ́ọ̀tù tó bá tú máa ń gé iná.

Nígbà tí Ọ̀gá dé, wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo èèyàn. Mo fi ìka mi mi nọ́ọ̀tù náà, ó mì. Ọ̀gá yíjú sí Godwin.

Ó ní, "Mo fún un le, sà. I swear, mo fún un le." Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé mo fún un le."

Bó ṣe sọ "mo rò" yẹn, mo mọ̀ pé Mende ti di tèmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kejì

Wọ́n lé e lọ lónìí. Wọn ò lé e jẹ́jẹ́. Ọ̀gá ní kó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà nínú oòrùn, kó gbé páálí bátìrì náà lé orí. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń pè é ní Godwin mi, àwọn gan-an ló yọ fóònù tí wọ́n ń ya fídíò. Ẹnì kan ní kó kí àwọn bó ṣe máa ń kí àwọn. Ó kí wọn! Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ yí lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Mummy Kúnbi, ìyàwó Ọ̀gá, tó ń pè é ní ọmọ mi, ló ju báàgì ẹ̀ síta.

Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo ń ka sẹ́ẹ̀lì. Mi ò ka nǹkan kan.

Kó tó lọ, ó wá bá mi. Eruku wà lórúnkún ẹ̀. Ó ní, "Aunty, ẹ má bínú. Mo ti bà yín lórúkọ jẹ́. Ẹ kọ́ mi dáadáa, ọwọ́ tèmi ni ò dáa."

Ká ní ó bú mi ni. Ká ní ó ṣépè fún mi, ǹ bá ti mọ ohun tí mo máa fi dá a lóhùn. Mo ní kó máa lọ, Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà míì.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kejì

Kọ́kọ́rọ́ Mende wà lọ́wọ́ mi. Akunlé kọ orúkọ mi sára ilẹ̀kùn ní NUSURAT. Mo ní kó pa á rẹ́, kó tún un kọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹta

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọlánípẹ̀kun pè mí láti ilé, ó ti ń fi igi rìn. Ó ní òun kàn fẹ́ dúpẹ́, pé ká ní kì í ṣe ojú mi tó rí nọ́ọ̀tù yẹn ni, Godwin ì bá ti pa ẹlòmíràn. Ó ṣàdúrà fún mi, ó pẹ́ lórí ẹ̀. Mo ń ṣe àmín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta

Obìnrin kan gbé bátìrì wá láti Mile 12. Catherine lorúkọ ẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ló ń fi kẹ̀kẹ́ ẹ̀ kó, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ọ̀gá ti yà sọ́dọ̀ mi, wọ́n jókòó sínú àga mi, wọ́n ń yin ṣọ́ọ̀bù.

Catherine ní, "Aunty Nusi, Godwin tó wà lẹ́yìn ọjà ló tún un ṣe. Òun náà ló ní kí n gbé e wá kí ẹ fojú sí i, torí ọmọ ni mo ń kó. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ló fi ń bẹ̀rẹ̀ fún wọn: èyí tó bá wálẹ̀ jù lórí ṣájà, yọ ọ́. Ó ti di orin lẹ́nu wọn."

Ọ̀gá gbọn orí. Wọ́n ní ọmọ yẹn kì í tiẹ̀ ṣe aláìmoore.

Mo gbé e sórí ṣájà. Mo ṣí fóònù. Sẹ́ẹ̀lì kẹta sáré lọ sókè kí àwọn tó kù tó mí: aláìsàn ṣì wà nínú ẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀tù ńkọ́? Mi ò rí nọ́ọ̀tù tí wọ́n fún le tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó ti kun ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́dà funfun kó lè mọ̀ bó bá yí. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi, inú sì ń bí mi sí i.

Bí mo bá ní kò dáa, Catherine yóò bi mí pé kí ló dé. Bí mo bá sọ ohun tó dé, ó ti sọ òfin náà tán lójú Ọ̀gá, ó sì ti dárúkọ ẹni tó ni ín. Ọ̀gá kò mọ kíkà, àmọ́ wọ́n mọ ọgbọ́n. Wọ́n á rántí afárá Kétu. Wọ́n á wá bi mí pé nọ́ọ̀tù wo gan-an.

Ọ̀gá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Nusi? Ṣé ó ṣe é dáadáa?"

Mo ní, "Ó ṣe é dáadáa, sà." Ẹnu tí mo fi gba ààwẹ̀ ni mo fi sọ ọ́.

Catherine kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó ní àárọ̀ ọ̀la lòun máa gbé e padà sínú kẹ̀kẹ́, àwọn òbí ti ń pariwo. Ó kọ nọ́ńbà ẹ̀ fún mi, ó ní bí mo bá rántí ohunkóhun, kí n jọ̀ọ́ kí n pe òun.

Wọ́n ti pe ìrun. Mo ti fi èso dàbínù ṣínu, mo ti mu omi. Mo gbé fóònù ka iwájú, nọ́ńbà náà wà lórí ẹ̀. Mi ò pè é.