Ẹni Tó Gbé Àrọ Tòmátì Mi Lọ sí Ilé Epo

Roccapiana,
ọjọ́ Ajé, nínú oṣù kẹjọ

Loredana ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Torino níbẹ̀? Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun, ṣé ikọ́ yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀? Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí etí ò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ. Màríà Ìyá Olúwa yóò máa bá ọ gun àtẹ̀gùn ilé alájà márùn-ún yẹn, yóò sì máa bá ọ sọ̀ kalẹ̀. Àmín. Àwa náà wà. Orúnkún mi ọ̀tún máa ń sọ tẹnu rẹ̀ bí òjò bá ti ṣú, àwọn adìẹ ń yé, ajá Pasqualina aládùúgbò wa ti bí mẹ́fà, kò sì sẹ́ni tó mọ bàbá wọn.

Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù tí o rà fún mi, ṣùgbọ́n mo ti wé e sínú ìbọ̀sẹ̀, mo sì ti fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí, nítorí lọ́jọ́ kan ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí òun mọ ibi tí mo wà. Inú ilé mi ni mo wà. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Lẹ́tà sàn, lẹ́tà kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, o mọ̀, nítorí náà bí o bá rí àṣìṣe, fò ó, kí o máa bọ̀ níwájú.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú ń tì mí. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni. Wò ó, mo kọ ọ́ tán, ojú tún tì mí, obìnrin ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tó jókòó tó ń kọ "ọkọ mi" bí ọmọge. Nígbà tí o ò lè wá síbi ìgbéyàwó wa ní oṣù karùn-ún nítorí iṣẹ́, o kọ̀wé sí mi pé, Màmá, ẹ la ojú yín sílẹ̀ o, ẹ ò mọ irú ẹni tí ọkùnrin yẹn jẹ́. Ọmọ mi, mo là á. Méjèèjì ni mo là. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ, má sọ fún ẹnikẹ́ni.

O mọ̀ pé Gesualdo ní mọ́tò eré ìje kan, pupa, tí kò ní ju ìjókòó méjì lọ, tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Láti ìgbà tó ti wà lápọ́n ló ti ní in. Nígbà tó ń fẹ́ mi, òun ló fi ń ṣe fáàrí, ó ní mọ́tò òun ò bẹ ẹnikẹ́ni rí. Àmọ́ láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí agogo ìjọ bá ti lu méjìlá báyìí, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, á fi omi tẹ́ irun rẹ̀ sílẹ̀, á ní òun ń lọ ra epo ní ilé epo tó wà ní oríta ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ò ju kìlómítà mẹ́rin lọ. Wákàtí méjì ló máa ń lò! Mo ní kí n bá a lọ, ó ní rárá o, òórùn epo á ba aṣọ mi jẹ́. Loredana, ta ló ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ lọ síbi òórùn epo?

Bó bá ti dé, tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀, mo máa ń gbé e sí imú. Lọ́fínńdà ni mò ń wá. Epo bẹntiróò ni mo ń gbọ́, lápá, láyà, kódà nínú bàtà. Mo bi ara mi pé irú obìnrin wo ló ń fi epo bẹntiróò para? Mo mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá Pasqualina lórí ògiri ọgbà, ó yọ ṣùtì ètè, ó ní Ivana tó ń ta epo ní oríta ńkọ́, ṣé ìwọ rò pé omi òdòdó ló fi ń wẹ̀ ni? Opó sì ni Ivana.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àrọ mi sọnù. Àrọ onípáànù ńlá tí ìyá mi fi lé mi lọ́wọ́, èyí tí èmi pẹ̀lú rẹ fi ń rọ tòmátì sínú ìgò lọ́dọọdún láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, tí o máa ń di ọrùn ìgò mú fún mi. Ìṣó tí mo ń fi kọ́ ló kù lára ògiri. Mo bi Gesualdo, ó ní bóyá ológbò ló gbé e. Ológbò! Etí rẹ̀ sì pọ́n bí tòmátì tí mo ń wí.

Ní Ọjọ́bọ̀, bó ṣe sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo yọ́ wọ inú abà, mo ṣí iwájú mọ́tò náà. Loredana, kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Mo fọwọ́ wá a títí. Táyà kan ni mo bá, àti aṣọ ìnuwọ́ mi, èyí tí mo fi abẹ́rẹ́ ya òdòdó sí létí, ó ká a róbótó. Mo tú u, àrọ mi ló wà nínú rẹ̀, ó ń rùn bíi fìtílà. Mo jókòó sórí koríko gbígbẹ. Mo ní ọkùnrin yìí ti ta ẹ́ńjìnnì, ó sì ti ń kó ilé ìdáná mi lọ ní díẹ̀díẹ̀. Pasqualina ní bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lónìí àrọ, lọ́la ìkòkò, lọ́túnla wàá bá ọkọ rẹ nílé ẹlòmíràn tó ń fi ṣíbí rẹ jẹun. Ohun tí ò kàn yé mi ni pé, bí kò bá sí ẹ́ńjìnnì, kí ló ń gbé e lọ bá a? (Ó ti sọ fún mi báyìí pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì mọ́tò tirẹ̀ wà. Ó ṣí i, mo rí i. Mi ò tíì mọ ìdí tí wọ́n fi gbé e pamọ́ síbẹ̀.)

Mo ká àrọ náà padà bó ṣe wà. Ẹni tó ń ṣọ́ eku kì í wúkọ́.

Ní Sátidé tó kọjá yìí, bó ṣe ń fi omi tẹ́ irun lọ́wọ́ ni mo ti lọ jókòó sínú mọ́tò. Aṣọ ìgbéyàwó mi aláwọ̀ sánmà ni mo wọ̀, mo so ìborí, mo gbé báàgì mi lé itan. Mo ní mò ń bá ọ lọ. Ó wò mí, ó wo bàtà rẹ̀, ó ní ó dáa. Ìjókòó mọ́tò yẹn sún mọ́ ilẹ̀ débi pé kò sí òkúta tí a gùn tí ìdí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Lójú ọ̀nà, mò ń ka rósárì nínú ikùn, mò ń sọ fún Màríà pé bó bá jẹ́ òótọ́ ni, mi ò ní pariwo, màá kàn sọ̀ kalẹ̀, màá fẹsẹ̀ rìn padà sílé, màá sì kọ̀wé sí ọ pé o jàre.

A dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀. Ilẹ̀kùn Ivana tì, ó ti wọlé lọ jẹun ọ̀sán. Ọkàn mi fẹ́ balẹ̀. Àfi bí Gesualdo ṣe lọ dúró níwájú ẹ̀rọ kan lára ògiri, tó tẹ nǹkan, tí ohùn obìnrin sì jáde látinú rẹ̀, ohùn tó dùn bí oyin, ó ní ẹ káàbọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi káàdì yín sí i. Ivana ni mo ti ń ṣọ́, ẹlòmíràn ló wà nínú ògiri! Kò kí mi, kò béèrè ẹni tí mo jẹ́. Mo yí lọ sẹ́yìn ògiri náà, garawa ìdọ̀tí méjì ni mo bá, mo padà wá, mo kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Ọkọ mi ló tún kọjú sí, ó ní kó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Nọ́ńbà tí èmi ìyàwó rẹ̀ ò mọ̀! Mo tú ìborí mi, mo fi bo ojú ẹ̀rọ náà kó má baà rí ohun tí Gesualdo ń tẹ̀. Gesualdo ní òun náà ò ríran mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tẹ̀ ẹ́ kó tó bọ́ sí i. Bó ṣe parí, obìnrin náà ní ẹ ṣeun, ó dàbọ̀, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láàárín wọn.

Ìgbà náà ni mo wá rí ohun tó ń jẹ wákàtí méjì. Ó ti ẹnu irin rọ́bà epo bọ ihò táǹkì, ó tẹ̀ ẹ́, epo tí kò ju ṣíbí kan lọ wọlé, irin náà dún tá, ó dá. Ó tún tẹ̀ ẹ́, tá, ó dá. Ó yí i sọ́tùn-ún, tá. Ó dojú rẹ̀ sókè, tá, epo sì tú sí i ní bàtà. Ó ní ọrùn táǹkì mọ́tò òun wọ́, ó sì tín-ín-rín, ayé àtijọ́ ni wọ́n ṣe é, epo máa ń ta padà lẹ́nu ihò, irin ìgbàlódé yẹn á sì rò pé táǹkì ti kún. Bó ṣe wí nìyẹn. Èmi ò tètè gbà á gbọ́, mo rò pé obìnrin inú ògiri ló ń fà á padà nítorí pé mo bò ó lójú.

Mọ́tò mẹ́ta ti tò sẹ́yìn wa. Ọkùnrin kan tó kó bàrà kún ọkọ̀ rẹ̀ yọrí síta, ó ní Bàbá, ṣé epo lẹ̀ ń rọ ni àbí omi mímọ́ lẹ̀ ń wọ́n? Ẹnì kejì ní mọ́tò eré ìje ni wọ́n pè é, níbo ló ti ń sáré, ṣé nínú fọ́tò? Obìnrin tó wà lẹ́yìn pátápátá ní kí wọ́n wá ìgò ìfọ́mọlọ́mú fún un, bóyá á fa ìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gesualdo tó máa ń gbé àyà bí àkùkọ, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀ wọ inú ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó dà bí ọmọ tó tọ̀ sórí ẹní àlejò.

Ivana wá jáde, aṣọ ìnunu ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ọbẹ̀ pupa wà lágbọ̀n rẹ̀. Obìnrin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ mi, eyín méjì ti yọ níwájú. Ó pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé, Gesualdo, o tún ti dé, àrọ dà? Ó wá rí mi. Ó ní háà, ìyàwó rèé? Ọlọ́run ṣeun o! Gbogbo Sátidé tí Ọlọ́run dá ni mò ń bá ọkọ rẹ di àrọ mú tí màkàróni mi ń tutù, iṣẹ́ ọlọ́wọ́ mẹ́rin nìyí, wá gba iṣẹ́ rẹ, jẹ́ kí n lọ jẹun. Ó mú àrọ ìyá mi níwájú mọ́tò, ó tì í bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo di àrọ mú. Gesualdo di irin náà mú, epo sì ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò dún tá mọ́, nọ́ńbà ara ẹ̀rọ ń sáré bí ẹni tó fẹ́ tètè ka rósárì tán. Ọkùnrin oníbàrà yẹn fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀. Gesualdo yíjú sí i, ó na ọrùn, ó ní ẹ ní sùúrù níbẹ̀, ìyàwó mi ló ń di àrọ mú! Ìyàwó mi. Lójú gbogbo wọn. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ níta rí. Mo dorí kodò sínú àrọ, atẹ́gùn epo ń ta mí lójú, mi ò sì mọ̀ bóyá òun nìkan ló ń fa omi ojú mi.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo bi í pé kí ló dé tó fi jí i dípò kó tọrọ rẹ̀. Ó wá ní òun ti fi mọ́tò yìí yangàn jù nígbà tí òun ń fẹ́ mi, ojú ń ti òun, ìdí nìyẹn tí òun fi ń lọ nígbà oúnjẹ ọ̀sán kí èrò má baà pọ̀. Ó ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin sì jìnnà, ogójì kìlómítà ní lílọ, ogójì ní bíbọ̀, láti oṣù kẹfà lòun ti ń rọ epo yìí ní díẹ̀díẹ̀ kí táǹkì lè kún de ọjọ́ tí Loredana bá ń bọ̀ wá ṣe tòmátì, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ yẹn máa jókòó ti òun ni àwọn èèyàn máa fi àwọn méjèèjì ṣẹ̀sín ní ilé epo. Mo ṣọ́ ojú rẹ̀ dáadáa bó ṣe ń sọ ọ́. Kò ṣẹ́jú.

Ọmọ mi, mi ò ní fi agbára mú ọ. O ti sọ pé lọ́dún yìí o ò ní lè wá, mo sì mọ ìdí rẹ̀, a ò ní láti máa pe iṣẹ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n táǹkì ti kún, mo fi igi wọ̀n ọ́n fúnra mi. Sátidé tó máa kẹ́yìn oṣù yìí la máa ṣe tòmátì. Agbada ti wà nílẹ̀, igi ìdáná ti wà, mo ti fọ gbogbo ìgò. Ìjókòó méjì péré ni mọ́tò yẹn ní, èmi á dúró ti iná, ìkejì, tìrẹ ni. Bí o bá ṣì ń fura sí i, mi ò bá ọ wí, èmi gan-an ṣì ń fura díẹ̀. Wá jókòó tì í fún ogójì kìlómítà, kí o fi ojú ara rẹ fura sí i. Ó ní kí o kọ aago tí ọkọ̀ ojú irin máa dé. Ó ti fọ mọ́tò náà lẹ́ẹ̀mejì láti àná.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra àrọ tuntun, tàbí kí o kúkú rà á bọ̀, onípáànù ni o, kí ọrùn rẹ̀ gùn. Mo ti fi ọṣẹ àti eérú fọ ti ìyá mi lẹ́ẹ̀meje, ó ṣì ń rùn, mi ò sì lè máa fún èèyàn ní ọbẹ̀ tó lè gbiná. Ti mọ́tò nìyẹn báyìí. Má fi owó náà rán obìnrin inú ògiri kankan o, ká a sínú lẹ́tà. Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, bá mi wádìí ẹni tó jẹ́, ọmọ ìlú ibo ni, ṣé ó lọ́kọ.

Ọlọ́run tó ń rí ìsàlẹ̀ táǹkì tó ṣókùnkùn yóò máa rí ọ. Ọ̀nà rẹ kò ní wọ́, ohun tí wọ́n bá rọ fún ọ láyé kò ní ta padà, o ò ní wá ẹni tí yóò bá ọ di nǹkan mú tì. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ermelinda, ìyàwó Gesualdo.

(Mo ti kọ́kọ́ fi bírò pa ìlà òkè yẹn rẹ́, ni mo bá tún un kọ.)