O Ṣì Wà Lórí Àkàbà

Ọmọ mi, Àgùntáṣọọ́lò,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo sì kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó gbà ọ́ sílé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ fi ojú sunkún ara yín. Ó yẹ kí n kọ ọ́ pé mo lérò pé àlàáfíà lo wà, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní girama, ṣùgbọ́n kí ni mo tún ń lérò sí, nígbà tí mò ń wò ọ́ lọ́wọ́ báyìí? Fóònù wà lórí máṣíìnì ìránṣọ mi, ìwọ wà lórí àkàbà, òógùn ti bo gbogbo ẹ̀yìn aṣọ rẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí fóònù bá dún lójijì, o lè yọ̀ ṣubú.

Àwa náà wà. Bàbá rẹ ṣì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ pákó, ikọ́ wọn ti lọ, ó ku ariwo. Káfíńtà òdìkejì wá bá wa kan òrùlé yàrá ẹ̀yìn tó ń jò, ó ti wá ń jò lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí, káfíńtà ní ìyẹn fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ.

Ó wá kan nǹkan méjì tí o fi ránṣẹ́. Oníṣájì tó ń bá gbogbo àdúgbò ṣájì fóònù ló bá mi tẹ̀ ẹ́, ó ní fídíò ni wọ́n ń pè é, èyí ni ti panápaná, èyí ni ti sójà, níbi tí wọ́n ti dán ọ wò. O ní àwọn méjèèjì ló gbà ọ́, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ èsì kí oṣù tó parí, kí èmi àti bàbá rẹ wò ó, kí a sọ èyí tó tẹ́ wa lọ́rùn.

Bàbá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé sójà ni. Mo ti kọ ọ́ báyìí, kò sí ẹni tó lè sọ pé mi ò jíṣẹ́. Ìyókù lẹ́tà yìí, tèmi ni.

Ti panápaná ni mo kọ́kọ́ wò. O gun àkàbà lọ sí fèrèsé kan tí èéfín ń ti ibẹ̀ jáde, o wọlé, o gbé ọkùnrin sísanra kan kọ́ èjìká, o sọ̀kalẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ. Mo dúpẹ́, mo lọ bu omi mu. Nígbà tí mo padà dé tí mo tún tẹ̀ ẹ́, o ti wà nísàlẹ̀ àkàbà, ọkùnrin yẹn sì ti padà sínú èéfín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó fọ ẹnu, bẹ́ẹ̀ náà ni. Irú èèyàn wo nìyẹn? Ṣé kò ní ará ilé tó lè dì í mú ni? Kò kí ọ pé o ṣeun rí, ọwọ́ rẹ̀ kàn ń fì dirodiro lẹ́yìn rẹ. Mo kígbe pé kí o gbé e sílẹ̀ kí o lọ jẹun, o ò dáhùn. Bẹ́ẹ̀, níjọ́sí tí mo rí ojú rẹ nínú fóònù yìí kan náà, tí mo ní kí o lọ gé irun rẹ, kíá lo fèsì. Bóyá èmi ni mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbẹ́nu sí. Mo ka girama parí lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ wa ní ìyẹn.

Mo wá ṣí ti sójà. Ẹ pọ̀, ẹ ń sáré bọ̀, ẹ ń kọrin, o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kan tí etí rẹ̀ tóbi. Mi ò ní parọ́, aṣọ wọn dára, ìdí ṣòkòtò yẹn jókòó, ti panápaná fẹ̀ bí àpò. Ẹ sáré dé iwájú mi, ẹ sáré kọjá, ó ku eruku. Mo dúró dè yín títí fóònù fi ṣókùnkùn. Mo yí i padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo bi bàbá rẹ pé níbo làwọn ọmọ yìí lọ, wọ́n ní àwọn ọmọ náà lọ jẹun ni. Mo ní ta ló sọ fún wọn. Wọ́n ní sójà wo ni kì í jẹun.

Bàbá rẹ ní bí o bá di sójà, ọ̀gá ilé iṣẹ́ pákó ò ní lè máa pe àwọn ní ìwọ yẹn mọ́. Wọ́n ní panápaná kì í tètè dé, òkò làwọn èèyàn fi ń pàdé wọn. Káfíńtà dá sí i láti orí òrùlé pé wọ́n tún máa ń gbàgbé omi sílé. Bàbá rẹ ní ṣé mo gbọ́, ọmọ tí àwọn bí kò ní máa fa rọ́bà kiri bí ẹni tó ń bomi rin ewébẹ̀. Mo ní Bàbá Àgùntáṣọọ́lò, ẹ jọ̀ọ́, ta ni sójà ń bá jà? Wọ́n ní ọ̀tá. Mo ní ṣé ọ̀tá yẹn ní ìyá? Wọ́n ní ìbéèrè wo nìyẹn, ta ni kò ní ìyá. Mo ní iná ò ní. Kò sí ẹni tó jókòó síbì kan tó ń kọ lẹ́tà sí iná pé kó máa rọra. Wọ́n ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí àkókò ò tíì tó.

Kí n jẹ́wọ́ fún ọ, mò ń ṣí ti sójà yẹn nígbà tí bàbá rẹ ò bá sí nílé, mò ń wò ó bóyá ẹnì kan nínú yín á sáré padà. Mi ò tíì rí i. Mi ò sì mọ̀ bóyá ohun tí mò ń sọ tọ̀nà, torí iná kì í ṣe nǹkan eré, áyọ́ọ̀nù lásán ti fi àmì sí mi lápá. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ. Ní ti sójà, ẹ lọ. Ní ti panápaná, gbogbo ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ lo máa ń sọ̀kalẹ̀. Bí o bá lè gba tèmi, èyí tí o ti ń sọ̀kalẹ̀ ni kí o mú. Bí o ò bá sì lè gbà á, mi ò ní bínú, mo kàn máa tún ṣí ti sójà, màá máa wò ó.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Láti àárọ̀ òní lo ti dúró sójú kan láàárín àkàbà, ẹsẹ̀ kan lókè, ẹsẹ̀ kan nísàlẹ̀, ọkùnrin yẹn léjìká rẹ, nǹkan róbótó kan sì ń yí lójú rẹ. Mo gbé fóònù sáré lọ bá Oníṣájì, ó ní dátà ló tán. Mo ní ta ló lò ó tán? Ó ní èmi ni, ó ní mo ti wò ó jù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi fà ọ́ sọ̀kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Ìyá Àgùntáṣọọ́lò, ẹ lọ ra dátà. Àwọn tí mo rán yúnífọ́ọ̀mù fún ò sì tíì sanwó.

Nítorí náà, má ra nǹkan kan fún mi. Awakọ̀ tó ń kó pákó bọ̀ lọ́dọ̀ yín ló mú lẹ́tà yìí lọ́wọ́. Bó bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, jọ̀ọ́, fi owó dátà ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, mi ò fẹ́ kí o sun orí àkàbà. Mo ti gbé ọ kúrò lójú oòrùn ná. Ibi yòówù tí o bá gùn dé láyé, Ọlọ́run á fi ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì lélẹ̀ láìfarapa. Bá mi kí ọkùnrin yẹn, kí o sì sọ fún un pé ìyá rẹ ní kó jókòó sílé rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, aránṣọ.