San Roque Wà ní Àtìmọ́lé ní Èbúté

Analyn ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òjò Manila kò tíì wọ yàrá rẹ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja nínú ibú á máa ṣọ́ ọ láàárín èrò. Àwa náà wà, adìẹ dúdú ti pamọ, àgbọn ń so. Ibi tí ìròyìn ayọ̀ parí sí nìyẹn, torí San Roque wà ní àtìmọ́lé.

Ṣé o rántí pé nígbà tí ikán jẹ ẹsẹ̀ ajá tó wà lára ère San Roque, ẹni mímọ́ ilé ìwé wa, èmi alága ẹgbẹ́ òbí ni mo ní kí wọ́n gbé ère náà wá bá ọ, kí o gbé e fún agbẹ́gilére. Wọ́n tún un ṣe tán, o dì í sínú àpótí, o bi mí pé orúkọ ta ni kí o kọ pé yóò gbà á níbí. Mo ní San Roque ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Òun ló ni ara rẹ̀, òun ló ni ilé ìwé. Mi ò lè kọ orúkọ mi sára ẹni mímọ́ bí ẹni ń sàmì sí ewúrẹ́.

Àpótí dé èbúté lọ́jọ́ Ajé. Mo lọ gbà á, ọmọkùnrin tó jókòó síbẹ̀, Jomar, ní àfi kí ẹni tó lorúkọ wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ tó ní àwòrán. Mo ní Dong, ọmọ mi dáadáa, inú àpótí níbẹ̀ yẹn ló wà, ṣí i kí o bi í. Ó ní òfin ò gbà kí àwọn ṣí ẹrù oníbàárà. Èmi tí mo ka ẹ̀kọ́ ìṣòwò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yege, irú èyí ò lè dá mi dúró. Mo padà wá pẹ̀lú káàdì àdúrà San Roque, ojú rẹ̀ hàn kedere, egbò itan rẹ̀ hàn, ajá rẹ̀ hàn, ọjọ́ àjọ̀dún rẹ̀ wà lẹ́yìn. Jomar yẹ̀ ẹ́ wò lójú lẹ́yìn, ó ní kò sí ìbuwọ́lùwé. Mo mú Sísítà Benilda, ọ̀gá ilé ìwé, wá jẹ́rìí. Sísítà kàn fi ìbòrí orí wọn bo ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni.

Kí n tó délé, iléeṣẹ́ náà ti kọ̀wé sórí fóònù mi, wọ́n ní ìràwọ̀ mélòó ni mo fẹ́ fún àwọn. Mo dá wọn lóhùn pé Ẹni tó dá ìràwọ̀ ni kí wọ́n lọ bẹ̀, èmi ẹrù mi ni mo ń bèèrè.

Sísítà bá sọ ọ̀rọ̀ náà, àti ìtàn San Roque, fáwọn ọmọ níbi àdúrà àárọ̀. Ìtàn tí wọ́n kọ́ ẹ̀yin náà ni: ajá gbé búrẹ́dì fún San Roque nígbà tó ń ṣàìsàn nínú igbó, àmọ́ nígbà tó padà sílùú rẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a mọ̀, wọ́n tì í mọ́lé títí tó fi kú. Ọmọ kíláàsì kìíní kan nawọ́, ó ní ṣé wọ́n tún ti mú un ni. Ẹni tí kò lè jáde, ilé ìwé wa a máa gbé búrẹ́dì lọ bá a ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Lánàá, dípò ilé aláìsàn, èbúté ni àwọn ọmọ tò lọ, wọ́n kó búrẹ́dì sórí tábìlì Jomar, wọ́n ní fún ẹlẹ́wọ̀n ni. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn òṣìṣẹ́ ti jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún ń bèèrè bóyá àwọn ọmọ ń bọ̀ lọ́la. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé wọn ò ní yára tú u sílẹ̀ láéláé.

Lolo Isko, bàbá tó bí bàbá rẹ, kò tíì dìde lórí ẹní láti ìgbà ìjì. Lójú fèrèsé wọn la máa ń gbé San Roque kọjá lọ́jọ́ àjọ̀dún. Wọ́n ní àwọn ò ní lọ láìrí ajá yẹn lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Láàárọ̀ yìí wọ́n bi mí bóyá ó ti dé. Mo ní ó wà lọ́nà. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé ọjọ́ ò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn.

Jomar fi búrẹ́dì kún ẹnu, ó ní ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ lè mú káàdì tirẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Manila, kó pààrọ̀ orúkọ. Nítorí náà ni mo ṣe fi lẹ́tà yìí rán àǹtí rẹ, Tiya Mameng, tó ń wọkọ̀ ojú omi bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ. Bó bá ti dé ọwọ́ rẹ, dìde. Má sọ pé ó dọ̀la. Àjọ̀dún ku ọ̀sẹ̀ kan. Má sì kọ orúkọ mi. Tìrẹ ni kí o kọ, kí o wá gbà á fúnra rẹ, torí ó ti pẹ́ tí Lolo ti ń bèèrè ìwọ náà. Mú owó ìyẹ̀fun dání bó o bá ń bọ̀, ẹnu àwọn ará èbúté yẹn pọ̀ ju ti gbogbo aláìsàn abúlé lọ.

Ìrìn rẹ á dára, omi á gbé ọ wá pẹ̀lẹ́. O ò ní délé baba rẹ kí wọ́n máa bèèrè káàdì kí wọ́n tó mọ̀ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Perpetua Lumapas